Túùbù Wo Ni Kí N Rà? Bí A Ṣe Ń Yan Èròjà fún Fláì Ẹja Sámọ́nì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kì í ṣe fọ́tò ẹja o. Ẹrù tó fẹ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló yà: túùbù bàbà, túùbù idẹ, túùbù ike, àwọn kiní roboto kan tó jọ ìlẹ̀kẹ̀, irun pupa, irun aláwọ̀ ewé, òwú oríṣi mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Owó yìí ti ń pọ̀ jù." Ẹ̀rín pa mí, torí èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, irun tí mo rà tó ti ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, síbẹ̀ n kò ní túùbù kan ṣoṣo tó bá odò tí mò ń lọ mu.

Aberdeen là ń gbé, ní Scotland. Iṣẹ́ epo ló kó ọ̀pọ̀ nínú wa débí. Odò Dee àti odò Don ni wọ́n jọ ń ṣàn wọ òkun níbí, inú wọn sì ni ẹja sámọ́nì ń gbà gòkè láti lọ yé ẹyin. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi ní tèmi. Àwọ̀n ni mo mọ̀, àti ìwọ̀ tí a fi ekòló sí lẹ́nu. Ìgbà tí mo débí ni mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ekòló ò sí lórí odò Dee. Bí sámọ́nì lẹ bá wá, fláì nìkan ni wọ́n gbà ní ọ̀pọ̀ ibi lórí odò náà.

Fláì ni irun, ìyẹ́ àti òwú tí èèyàn so pọ̀ kí ó lè jọ ohun abẹ̀mí lójú ẹja. Ẹ má sì rò pé ebi ló ń mú sámọ́nì gbé e. Tí ẹja yìí bá ti kúrò nínú òkun tó wọ odò, kì í jẹun mọ́. Ọ̀rá tó ti kó sára ló ń ná títí yóò fi yé ẹyin. Bóyá inú ló ń bí i sí fláì ni o, bóyá ìwà tó ti ń hù nínú òkun ni kò tíì gbàgbé, títí dòní làwọn apẹja ń jiyàn lé e lórí. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé ẹja tí kì í jẹun kò ní wá fláì kiri. Àfi kí ẹ gbé e dé iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ túùbù ti bẹ̀rẹ̀.

Túùbù tí mò ń wí kì í ṣe ti táyà kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá kékeré oníhò ni, tó tín-ín-rín bí igi báírò tàbí kó má tiẹ̀ tó o, gígùn rẹ̀ sì lè jẹ́ ìdajì ínǹṣì títí dé ínǹṣì mẹ́ta. Dípò ká so irun mọ́ ìwọ̀, ara ọ̀pá yìí la máa ń so ó mọ́. Okùn ìpẹja yóò wọ ihò rẹ̀ láti iwájú, yóò yọ lẹ́yìn, a ó wá so ìwọ̀ mọ́ ẹnu okùn náà. Fláì lọ́tọ̀, ìwọ̀ lọ́tọ̀.

Ó dùn mọ́ mi pé Aberdeen yìí náà ni wọ́n sọ pé ó ti ṣẹ̀. Ìtàn táwọn apẹja ń sọ fún ara wọn ni pé ní nǹkan bí ọdún 1945, obìnrin kan tó ń jẹ́ Morawski, tó ń so fláì fún ilé iṣẹ́ Playfair, mú ìdí ìyẹ́ tòlótòló, ó fọ inú rẹ̀ mọ́, ó so irun yí i ká, ó sì ki okùn gba inú rẹ̀. Tòlótòló ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Bàbà àti ike ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ni.

Èrè tó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí ẹ bá fẹ́ fa ìṣó yọ lára pákó, òòlù ọlọ́wọ́ gígùn lẹ máa wá, torí gígùn ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá yín ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀ gígùn ṣe ń bá ẹja ṣiṣẹ́: bó bá ti ń gbọn orí, gígùn ìwọ̀ náà ni yóò fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀ kúkúrú kò fún un láyè bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú túùbù, fláì lè gùn tó ínǹṣì mẹ́rin kí ìwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ má ju èékánná lọ. Bí ẹja bá sì gbé e, fláì lè fà sókè lórí okùn kúrò lẹ́nu rẹ̀, eyín kò ní rí irun yín jẹ. Bí ìwọ̀ bá kú lórí òkúta, ìwọ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Ó wá ku èròjà. Bí mo bá ní kí n fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ ṣe gbólóhùn kan fún àbúrò wa, ohun tí n óò sọ ni pé: odò ni kó bi, kó má bi ṣọ́ọ̀bù. Ìwúwo túùbù ni kó kọ́kọ́ yàn, irun ṣìkejì, àwọ̀ ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, torí àwọ̀ ló ń dán lójú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká fi omi ṣe òṣùwọ̀n, ká ní ìwúwo omi jẹ́ 1. Ike polythene kò tó 1, ó wà ní bíi 0.95, nítorí náà ó ń léfòó. Nylon ju 1 lọ díẹ̀, ó ń rì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Álúmíníọ̀mù jẹ́ 2.7. Idẹ wà ní bíi 8.5, bàbà ní bíi 8.9. Tungsten wá jẹ́ 19.3, ìlọ́po méjì bàbà àti lé. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe rí. Láti ike dé álúmíníọ̀mù, ìlọ́po mẹ́ta ni. Láti álúmíníọ̀mù dé bàbà, ìlọ́po mẹ́ta mìíràn. Ṣùgbọ́n láàárín idẹ àti bàbà, kò sí ohun tí ẹja yóò fi mọ ìyàtọ̀. Mo ti rí ẹni tó san owó gọbọi lé túùbù bàbà lórí nígbà tí ti idẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Bí ẹ bá rí èyí tó wọ́n jù nínú méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀.

Ní Dee, ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni wọ́n ń ṣí odò, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ni wọ́n ń tì í. Oṣù kejì níbí, yìnyín lè wà létí odò. Omi a máa tutù dé ìwọ̀n 3 tàbí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹja a sì lọ wálẹ̀, kò ní fẹ́ yíra padà. Bí fláì bá kọjá lókè orí rẹ̀, ó ti kọjá nìyẹn. Àsìkò yẹn ni bàbà tàbí idẹ tó gùn tó ínǹṣì kan àbọ̀ sí méjì ń wúlò. Títí omi bá fi gorí 10, ẹja á ti máa dìde, á lè wá látìsàlẹ̀ gba ohun tó ń kọjá nítòsí òkè omi. Túùbù ike tàbí álúmíníọ̀mù, ìdajì ínǹṣì sí ínǹṣì kan, ló kàn nígbà yẹn. Bí ẹ bá wá ń so bàbà wúwo mọ́ okùn nínú oṣù kẹfà tí omi fà, òkúta lẹ máa fà jáde.

Ẹ fi sọ́kàn pé okùn ìpẹja fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oríṣi okùn wà tó ń rì, oríṣi wà tó ń léfòó. Okùn arì pẹ̀lú túùbù ike lè dé ibi tí okùn aléfòó pẹ̀lú túùbù idẹ dé. Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, torí fláì tó fúyẹ́ a máa mì nínú omi bí ohun alààyè, ti idẹ a kàn máa lọ ganran bí ẹni tó gbé bùlọ́ọ̀kù. Ìdí mìíràn tún wà: ẹ má dán an wò láti ju túùbù bàbà ínǹṣì méjì láìdé fìlà àti gíláàsì ojú. Bí atẹ́gùn bá yí i padà, ìpàkọ́ yín ló máa bà. Mo mọ bó ṣe ń dùn.

Wàyí o, ohun tó ń dààmú àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ jù: ike tó wà nínú túùbù irin. Túùbù bàbà lásán, ẹnu rẹ̀ mú. Okùn tí ẹ fi gba inú rẹ̀ yóò máa ha ara mọ́ ẹnu yẹn nígbàkúùgbà tí ẹ bá ju fláì, títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan tí ojú yín kò tó. Nítorí náà, ike tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ wọ inú irin náà, kó yọ díẹ̀ síta níwájú àti lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ti ki ike sí nínú láti ilé iṣẹ́ wà ní ọjà, ẹ sì lè ra irin lọ́tọ̀, kí ẹ ki ike sí i fúnra yín. Ní ọdún kejì mi, mo ra irin lọ́tọ̀, mo gbàgbé ike. Mo rò pé kò sóhun tó máa ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù kẹta, ẹja kan gbé e, mo gbé ọ̀pá ìpẹja sókè, mo mọ ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ fún bí ẹni ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, gbogbo rẹ̀ sì dẹ̀. Nígbà tí mo fa okùn jọ, ẹnu rẹ̀ rí bíi pé wọ́n fi abẹ gé e. Kò sẹ́ni tí mo lè bá wí.

Bí a ṣe ń ki ike náà nìyí, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣàlàyé rẹ̀ tán bí ojú bá ò rí i. Ẹ gé ike náà kó fi bíi mílímítà mẹ́rin gùn ju irin lọ. Ẹ tan láítà, ẹ gbé ẹnu ike kan sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ iná, kì í ṣe inú iná. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó rí i tí ẹnu ike náà ń dán, tó ń yí padà sẹ́yìn díẹ̀ bí etí àwo. Ẹ gbé e kúrò kíákíá. Bó bá dúdú, ó ti jóná, ẹ gé e dànù kí ẹ tún un ṣe. Etí àwo kékeré yẹn ni kò ní jẹ́ kí ike yọ́ jáde. Ẹ wá ki ìyókù gba inú irin, kí ẹ ṣe ìkejì bákan náà, àmọ́ ní ẹ̀yìn ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yọ síta díẹ̀ fún ohun tó máa di ìwọ̀ mú. Kí ẹ tó ṣe tán, ẹ fi abẹ́rẹ́ gba inú ihò náà kọjá. Iná a máa dí i nígbà míì, a sì máa dunni kí irun ti wà lára rẹ̀ tán kí èèyàn tó mọ̀ pé okùn kò lè kọjá.

Lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n: èyí tó wọ́pọ̀ ni ike inú tí ìta rẹ̀ jẹ́ 1.8 mm, tó máa wọ inú ike ńlá tí ìta rẹ̀ jẹ́ 3 mm. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kì í ṣe bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ irin tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹnì kan lè kọ̀ láti wọ orí ike tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti ra túùbù, ike inú àti ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹ bá máa lò ó. Ohun tó ń di ìwọ̀ mú lẹ́yìn ni túùbù sílíkọ́ọ̀nù, rọ́bà rírọ̀ kan tó ń fà. Ìdajì rẹ̀ á wọ ẹ̀yìn túùbù, ìdajì á gba ojú ìwọ̀ mọ́ra kí ìwọ̀ lè máa tẹ̀lé fláì gbọọrọ. Ó ń gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti lẹ̀. Kò wọ́n.

Àwọn àgbà apẹja níbí kò tiẹ̀ ra ike láyé ìgbà kan. Kiní tó ń gbé íǹkì nínú báírò ni wọ́n ń fọ̀, wọ́n a gé e, wọ́n a lò ó. Ọ̀pá ike tí a fi ń nu etí tẹ́lẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ṣì rí i. Ẹ gé òwú ẹnu rẹ̀ méjèèjì dànù, ẹ ti ní túùbù. Mo sì ti fi í mú ẹja. Báìsì, irin tó ń di túùbù mú nígbà tí èèyàn bá ń so irun mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń tà fún túùbù kò di dandan: bí ẹ bá ti ní báìsì kékeré èyíkéyìí, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán aṣọ òtútù há a lẹ́nu, kí ẹ fi túùbù kọ́ sórí abẹ́rẹ́ náà. Kò gbọdọ̀ máa yí bí ẹ bá ń we òwú, ìyẹn nìkan ló ṣe pàtàkì.

Ká wá bọ́ sórí irun, ibi tí owó ti ń parẹ́.

Irun ìrù àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ jù. Ó le díẹ̀, ó sì máa ń nà gbọọrọ nínú omi tó ń sáré, kì í lẹ̀ mọ́ra. Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn ni pé gbogbo ìrù náà kò rí bákan náà. Irun tó wà ní ìdí ìrù ní afẹ́fẹ́ nínú, bí ẹ bá fi òwú fún un, á tú ká bí ìgbálẹ̀. Èyí tó wà láti àárín lọ sí ṣóńṣó ni kò ń tú ká bẹ́ẹ̀. Bí fláì yín bá ń rí bí ìgbálẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bóyá ọwọ́ yín kò ní ẹ̀bi. Ìdí ìrù lẹ ti ń gé e.

Irun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ilẹ̀ yìnyín rọ̀ gan-an. Bí omi bá ń lọ jẹ́ẹ́, ó ń mì láìdúró, ìyẹn ló fi dára fún odò tó ń ṣàn pẹ̀lẹ́. Nínú omi tó ń sáré, á lẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo bí irun ẹni tí òjò pa. Ó ní irun wúùlì kéékèèké nísàlẹ̀ gígùn, ẹ fi kóòmù yọ púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò, ẹ má yọ ọ́ tán. Díẹ̀ tó bá kù ló ń gbé irun òkè dúró. Irun ewúrẹ́ gùn, ó ń dán, òun ni wọ́n fi ń so Collie Dog, fláì dúdú gígùn tí wọ́n sọ pé irun ajá olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n fi so ti àkọ́kọ́ níhà àríwá Scotland. Ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ kéré, ó dára fún túùbù ìdajì ínǹṣì.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Fláì kan wà tó lókìkí ní Norway àti Iceland, Sunray Shadow lorúkọ rẹ̀. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Raymond Brooks, ló ṣe é ní Norway láwọn ọdún 1960. Irun dúdú gígùn lórí túùbù ike tó fúyẹ́, funfun díẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹ́ ọ̀kín lókè, wọ́n sì ń fà á kọjá lójú omi pẹ̀lú eré. Mo ń bi ọkùnrin kan létí odò pé irun kí ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Ó ní irun ọ̀bọ kan ní Áfíríkà, colobus. Mo lọ wo fọ́tò ọ̀bọ náà lálẹ́. Ẹdun ni! Èmi Kẹ́hìndé, tí wọ́n ti ń kì láti kékeré pé Ẹdúnjobí, ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi, ìrù ẹdun ni wọ́n fi ń tan ẹja jẹ ní Norway láti àwọn ọdún yẹn. N kò tíì lè so fláì yẹn kí n má rẹ́rìn-ín. Lónìí, òfin àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́ ti ká irun ẹdun lọ́wọ́ kò, irun ewúrẹ́ tàbí irun àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò, ẹja kò sì fẹjọ́ sùn. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé fláì yìí gùn, síbẹ̀ kò wúwo. Gígùn lọ́tọ̀, ìwúwo lọ́tọ̀.

Irun àtọwọ́dá tí mo wí yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní i nílé. Kanekalon tó wà nínú àtàṣímẹ́ǹtì táwọn ìyàwó wa fi ń dirun náà làwọn apẹja kan ń lò fún fláì. Ìdì kan tó fún ọdún méjì. Mo yọ ọ́ ní fọ́nrán bí ogún nínú ti ìyàwó mi, dúdú gbáà, mo so ó mọ́ túùbù ike. Aléébù rẹ̀ ni pé ó ń ta kókó mọ́ra bó bá gùn jù. Ẹ fi abẹ gé ṣóńṣó rẹ̀ ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé kó má dọ́gba, kí ẹ má sì jẹ́ kó ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Ẹ sì tọrọ ààyè kí ẹ tó mú un.

Irun èyí ó wù kó jẹ́, díẹ̀ ni. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn, irun púpọ̀. Ẹ ká irun náà mọ́ra láàárín ìka méjì. Bí ó bá ti nípọn ju ìdajì igi ìṣáná lọ, ó ti pọ̀. Irun púpọ̀ a máa gbé fláì léfòó, ìwúwo túùbù tí ẹ fi ọgbọ́n yàn á wá di asán. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó pinnu pé kò tó. Irun gbígbẹ ń tan èèyàn jẹ.

Lórí àwọ̀, mo ti ní ó kẹ́yìn. Odò Scotland a máa pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkè, nítorí ilẹ̀ dúdú ibẹ̀. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń fi sí i kí ẹja lè rí i. Nínú omi mímọ́, dúdú ṣiṣẹ́ dáadáa. Willie Gunn, fláì tí wọ́n fi orúkọ olùṣọ́ oko ọdẹ kan ní Sutherland sọ, kó méjèèjì pọ̀: dúdú, ìyeyè àti ọsàn, ìrù àgbọ̀nrín ni wọ́n sì ń lò, lórí bàbà tàbí idẹ nígbà òtútù. Bí ẹ bá fẹ́ fláì kan ṣoṣo tí ẹ lè so láìrònú, òun ni. Fọ́nrán tó ń dán, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ẹ̀yẹ ni, kì í ṣe ọdún Kérésì.

Àwọn kiní roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ inú fọ́tò àbúrò wa ni orí irin tí wọ́n ń fi sí iwájú túùbù ike. Idẹ tàbí tungsten ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ń jẹ́ kí orí fláì bọ́ sísàlẹ̀ nígbà tí ìdí ṣì fúyẹ́, ó wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ ìwúwo díẹ̀ lára ike. Lórí túùbù bàbà, èmi kò rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Pẹlẹbẹ tó dà bí àwo kékeré, tí wọ́n ń pè ní disc, ní tirẹ̀ ń ta omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí irun ẹ̀yìn rẹ̀ lè máa gbọ̀n. Fún irun rírọ̀, ó dára. Àbúrò wa lè yọ méjèèjì kúrò nínú ẹrù rẹ̀ lọ́dún yìí.

Òwú: nọ́ńbà bíi 6/0 àti 8/0 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹ wo denier. Ìyẹn ni ìwúwo òwú náà ní gíráàmù bó bá gùn tó 9,000 mítà. 140 lágbára tó láti fún ìrù àgbọ̀nrín, 70 sì tó fún túùbù kéékèèké. Dúdú kan, pupa kan. Tí ẹ bá so ó tán, ẹ fi fáníìṣì kùn ún lórí kí òwú má baà tú. Èyí tí wọ́n ń tà fún apẹja dára, kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ náà ń ṣe é. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kí èkíní gbẹ kí ẹ tó kùn èkejì.

Ìwọ̀ la fi kẹ́yìn, òun sì ni òfin bá tan jù. Látijọ́, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ni wọ́n ń so mọ́ túùbù. Ṣùgbọ́n sámọ́nì ti dín kù nínú odò wọ̀nyí, káàkiri Scotland ni òfin sì ti sọ pé gbogbo sámọ́nì tí a bá mú kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin tó pé gbọ́dọ̀ padà sómi láàyè. Lẹ́yìn àkókò yẹn náà, ọ̀pọ̀ odò ń fẹ́ kí á dá a padà. Fún ìdí yìí, ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan tàbí méjì ni mo ní kí ẹ rà, kí ẹ fi píláyà tẹ ẹ̀gún ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń yọ́ jáde lẹ́nu ẹja láìya ẹran. Odò kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà, ẹ bi ghillie, ọkùnrin tó ń mójú tó odò tó sì ń tọ́ àlejò sọ́nà, kí ẹ tó ki okùn. Gbogbo ibi tí sámọ́nì wà níbí ló ní ẹni tó ni ín, láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé omi, ẹjọ́ ni. Ọjọ́ Àìkú kò sì sí pípa sámọ́nì rárá ní Scotland, ẹ máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì yín.

Èyí tí mo wá fi ránṣẹ́ padà sí àbúrò wa kò gùn tó èyí. Mo ní kó ra mítà kan ike ńlá àti mítà kan ike inú tó wọ inú ara wọn, túùbù idẹ mẹ́fà onínǹṣì kan àbọ̀ tí wọ́n ti ki ike sí nínú, ẹyọ sílíkọ́ọ̀nù kan, ìrù àgbọ̀nrín dúdú kan, ìyeyè kan àti ọsàn kan, òwú dúdú 140, ìwọ̀ ẹlẹ́nu méjì ní ìdì kan. Kó tọrọ kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn nìkan?" Ìyẹn nìkan. Bó bá ti so mẹ́ta, kó bu omi kún báàfù, kó fi okùn gba inú wọn, kó fà wọ́n láti orí dé ìdí báàfù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń yí lórí ara rẹ̀ bí ìkòtó, irun rẹ̀ ti pọ̀ sápá kan. Èyí tó bá ń lọ gbọọrọ, kó fi pamọ́. Oṣù kejì kò jìnnà mọ́, omi yóò sì tutù, nítorí náà kó kọ́kọ́ so àwọn ti idẹ. Ti ike lè dúró di oṣù karùn-ún.